Òwú Tuntun fún Sítóòfù

Kùmásí, Góòlù Kóòsì.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ara mi le, àwọn ọmọ ń ṣeré.

Sítóòfù tí ẹ fi sínú ẹrù ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, kò lè mú epo àkàrà gbóná mọ́. Ẹ má bẹ̀rù, àkàrà díẹ̀ ni mò ń dín, kí ọwọ́ má baà dilẹ̀. Mo tú u fúnra mi, mo rí i pé òwú rẹ̀ ti jó tán. Mo bá gé síńgílẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi fi sílẹ̀, mo lọ́ ọ bí ẹ ṣe kọ́ mi láti máa ran òwú.

Asiata ará Ìjàgbò, tí a jọ ń gbé ilé, ní, "Safiyat, bó bá dé tó bèèrè rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Kó kọ́kọ́ dé ná."

A rẹ́rìn-ín títí. Iná náà sì jó, ó mọ́ roro! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi níṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ọmọ yó lọ́jọ́ náà.

Ọkọ mi kò sí nílé bí mo ti ń kọ èyí, ẹ má retí ìkíni rẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé l'Ọ́fà. Ọlọ́run á jẹ́ kí a fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ọmọ yín,
Safiyat.