Ẹ̀bùn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wá Dúpẹ́ Rẹ̀

Ìyìn-Èkìtì,
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kìíní, 1936.

Olúmúyìwá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọyẹ́, bí ọyẹ́ bá ń dé ọ̀dọ̀ yín ní Èkó níbi tí omi pọ̀ sí. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsí nílé, mo kí Adéfúnkẹ́ ìyàwó rẹ àti ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, ẹ kò ní gbọ́ ìròyìn tí yóò mú yín jí lójú oorun, Ọlọ́run tó mú yín la ọdún já yóò mú yín rí òmíràn. Àwa náà wà láàyè. Orúnkún ń dun ìyá rẹ ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún, nítorí náà o mọ̀ pé ara rẹ̀ yá. Ewúrẹ́ funfun ti bí méjì. Páànù ṣọ́ọ̀ṣì tí atẹ́gùn ká lọ́jọ́ Kérésì, a ti kàn án padà.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí. Nínú lẹ́tà tí o kọ gbẹ̀yìn, o ní owó oṣù yín ní ilé ẹrù náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí àwọn tó ń wá gba ẹrù kì í fún ọ ní ẹ̀bùn lórí káńtà. Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó. Mo ní ọmọ mi tó jẹ́ àjèjì láàrin àwọn ará Èkó, ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí! Mo ka ibẹ̀ sókè fún ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ṣe àmín, mo sì gbé iṣu mẹ́fà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti fi dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọ́ yangàn káàkiri Ìyìn. Àfi ìgbà tí kúbùsù tí o fi ránṣẹ́ dé Adó, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé bóyá n kò mọ ohun tí mo ń yangàn sí.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Adó lọ gba kúbùsù náà níbi tí mọ́tò ń já ẹrù sí. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, Akínyẹlé ni wọ́n ń pè é, ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó la irun rẹ̀ sí méjì bí ọ̀nà oko, ó na ìwé pélébé kan sí mi. O ti san owó mọ́tò láti Èkó, o sì kọ orúkọ mi sí ẹrù náà, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀: owó pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, owó pé ẹrù sùn lọ́dọ̀ wọn, àti owó ìjókòó, nítorí mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn kí ó tó pè mí. Mo sọ fún un pé ìdajì bẹ́ǹṣì ni mo jókòó lé, ìyá arúgbó kan ló wà ní ìdajì kejì, ó ní iye kan náà ni. Mo san án.

Ló bá ti abọ́ kékeré kan sí iwájú mi, ó ní kí bàbá rántí àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé igbá ọrẹ ni. Mo fi tọ́rọ́ sí i, mo ṣí fìlà, mo tẹrí ba, mo ń retí kí ó gbàdúrà sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìlà. Akínyẹlé ní kí n sún fún ẹlòmíràn jàre, ó ní ẹ̀bùn ni, òun ló ni ín. Háà! Ojú mi wá là. Mo ní kí ó má bínú, pé tí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, tọ́rọ́ kan ṣoṣo kò yẹ ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀, mo fi tọ́rọ́ kejì kún un, mo sì júwe ilé wa fún un dáadáa.

Bí mo ti délé ni mo sọ fún ìyá rẹ pé àlejò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, pé ẹni tí mo fún ní ẹ̀bùn ní Adó ń bọ̀ wá dúpẹ́ àná. Ìyá rẹ jí gbálẹ̀, ó pa àkùkọ, ó gúnyán. Mo wọ agbádá mi, mo jókòó síta. Oòrùn yọ títí ó fi kanrí. Ìyá rẹ ní uyán ti ń le, ṣé kí òun máa jẹ ẹ́ ni. Mo ní kí ó ní sùúrù, ọ̀nà Adó kì í ṣe ìtòsí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo mọ̀ pé ara ọmọ náà kò yá, nítorí n kò tíì rí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí a fún ní nǹkan, tí kò wá sọ pé òun dúpẹ́ àná. Lọ́jọ́ kejì mo gbé àgbébọ̀ kan sábẹ́ apá, mo tún rìn lọ sí Adó láti bẹ̀ ẹ́ wò.

Ara rẹ̀ le koko. Mo kí i kú àìsàn, mo bi í bí ibà náà ti lọ, kò tilẹ̀ dá mi mọ̀ mọ́. Ó ní ẹrù wo ni mo wá gbà, ó sì tún ti abọ́ náà síwájú mi. Olúmúyìwá, ojú tì mí, kì í sì í ṣe nítorí tọ́rọ́ méjì. Mo wo ojú rẹ̀, mo rò ó pé ní ìlú tirẹ̀, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń fi òun náà yangàn.

Kí mọ́tò tó dé, àwọn aláàárù tó ń ti Ìjàn bọ̀ máa ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi, a ń gbé omi gbígbóná fún wọn kí wọ́n fi wẹsẹ̀, ta ló gbọ́ owó ìjókòó nígbà náà? Ìwọ fúnra rẹ, nígbà tí o wà ní Sítáńdà Fáìfù, ta ni o kò bá kọ lẹ́tà nínú agboolé yìí? Ìyá Bámgbóyè wá kí o bá òun kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Kùmásí, ó ń sunkún, kò lè sọ̀rọ̀, o sì jókòó dè é títí ó fi sunkún tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó bọ́jú, ẹnu ọ̀nà wa á ti kún. Ẹnìkan á gbé ata wá, ẹnìkan á gbé ìkòkò ẹ̀wà, ẹlòmíràn á gbé ọwọ́ lásán wá, á kàn sọ pé òun dúpẹ́ àná, á jókòó, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Inú máa ń bí mi nígbà náà pé wọn kì í jẹ́ kí n tètè dé oko. Báyìí mo ń tètè dé oko lójoojúmọ́. Àárò àwọn ènìyàn yẹn ń sọ mí gan-an, ọmọ mi, àárò tìrẹ náà ń sọ mí.

Ìyá rẹ ní kí o fi owó ránṣẹ́ sí òun kí òun fi ra òróró ìpara fún orúnkún. Ṣílè méjì tó. Nínú owó oṣù rẹ ni kí o ti mú un o. Bí owó oṣù kò bá tó, má wulẹ̀ fi ránṣẹ́, orúnkún yóò dúró dè ọ́. Ọlọ́run yóò bù sí èyí tí o bá làágùn fún. Adéfúnkẹ́ kò ní sọkún ọmọ. Ibi tí a bá ti dárúkọ rẹ, wọn kò ní yínmú.

Ọkùnrin tó mú lẹ́tà yìí wá, Sàlàkọ́ ni, oníṣòwò àwo ní Adó, Mùsùlùmí jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí o lọ ló dé, nítorí náà o kò mọ̀ ọ́n. Ó ní àpótí àwo kan tó fẹ́ gbà lórí káńtà rẹ. Mo ní kí ó tò sórí ìlà bí gbogbo ènìyàn, kí ó má dárúkọ mi, kí ó gba ẹrù rẹ̀ tán kí ó tó fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Bí o ti ń kà á yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ẹ̀yin méjèèjì ti ṣẹlẹ̀ tán. Bí o bá ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, sáré tẹ̀lé e kí ó tó jìnnà, kí o dá a padà fún un. Bí o kò bá gbà, bá mi kí i kú ìrìn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé èyí ó wù kó jẹ́, tí ó bá padà dé, kí ó má sọ fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláoyè.