Ìdí Tí Ọwọ́ Yín Fi Ń Dúró Láàárín

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àyà mi ti ń já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó láti kọ lẹ́tà yìí tí mo tún dìde. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n ṣe fídíò kékeré fún ìrántí ọdún kan tí ẹ ti kú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ kì í jẹ́ ká ya yín ní fídíò. Fọ́tò méjì péré ni mo rí, tí mo fi fóònù yà láti ìsàlẹ̀ ilé wa ní Ọjà'ba, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń lọ síbi iṣẹ́. Nínú ọ̀kan, ọwọ́ ọ̀tún yín wà lórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Nínú èkejì, ẹ gbé e sókè, ẹ ń juwọ́ sí mi.

Ẹ máa ń bi mí léèrè ohun tí mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, èmi a ní kò lè yé yín. Ẹ má bínú. Kò le rárá. Bí mo bá fẹ́ kí àwòrán rìn, mi ò ní í yà á ní gbogbo ìṣísẹ̀. Màá fi àmì kan síbi tó ti gbéra, màá fi òmíràn síbi tó máa dúró sí. Kífíréèmù là ń pe àmì yẹn. Kọ̀ǹpútà ló máa fi ìṣirò dí gbogbo àárín wọn. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó kàn ń fojú bù ú ni.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi fọ́tò méjèèjì ṣe é, ìwọ̀n eré kan náà ni ọwọ́ yín fi lọ sókè, bí irin tí wọ́n fi ń dínà ọkọ̀. Mo tún un ṣe kó rọra gbéra, kó yára díẹ̀, kó sì rọra dúró, bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń ṣe. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin nìyẹn. Ìgbà náà ni mo rántí pé lọ́dún tó gbẹ̀yìn ayé yín, tí ọwọ́ yín bá dé àyà, á dúró, ẹ ó rẹ́rìn-ín, kó tó lọ sókè. Mo pè é ní fáàrí tíṣà àgbà. Mo máa ń sín yín jẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, a ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo fi kífíréèmù kẹta sí àyà, mo ní kí ọwọ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì kí àwòrán náà rìn. Ẹ̀yin ni!

Ìyá Kékeré, àbúrò yín, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn mi. Wọ́n pariwo: "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Sọ kí ni, mà?"

"Apá ìyá ẹ. Ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú kí apá náà kú mọ́ ọn lára, èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ, pé wàá fi iṣẹ́ tuntun ẹ sílẹ̀ nítorí òun."

Apá yín lẹ ń dúró dè. Ẹ ń rẹ́rìn-ín kí n lè máa wo ojú yín. Nígbà tí àìsàn náà padà wá, tó sì gbé yín lọ, mo ń sọ fáráyé pé òjijì ni.

Bí mo ṣe yíjú sí Ìyá Kékeré báyìí, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ ọ̀tún sùn sórí itan.

"Ìyá Kékeré, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè."

"Ṣé èmi náà lo fẹ́ yà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbé e.

Mi ò bá wọn jiyàn, mo dá takisí máíkírà dúró, ó di ilé ìwòsàn kan ní Yemẹtu. Dókítà yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Ìyá Kékeré wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó ní ó ti ga jù, wọn ò gbọdọ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ilé ìwòsàn fi dá wọn dúró.

Ṣọ́ọ̀ṣì ti fi fídíò yín hàn. Mo yọ ìdúró yẹn kúrò. Ẹ fẹ́ fi í pamọ́, èmi náà bá yín fi í pamọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pariwo pé ọwọ́ Tíṣà gan-an nìyẹn. Ṣé ohun tí mo ṣe dára? Ta ni màá bi?

Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá Kékeré ń gbé báyìí. Wọ́n ń lo oògùn wọn. Láàárọ̀ yìí wọ́n ta kú, wọ́n ní ọbẹ̀ mi kò níyọ̀, pé màá fi ebi pa àwọn. Ariwo yẹn dùn mọ́ mi nínú ju orin lọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kì í wo ojú nìkan mọ́.