Ohun Tí Mo Bá Lórí Tábìlì Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi Wendell,

Ẹ kú òtútù Alaska o. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà ní Montana níbí, àfi orúnkún Màmá tó ń dùn wọ́n.

Háà, ẹ̀gbọ́n mi, mo rí nǹkan lánàá! Mo lọ bá Màmá sọ̀rọ̀ ilé àwọn arúgbó tí a jọ fẹnu kò sí. Màmá ti gé ẹsẹ̀ tábìlì tí Bàbá fi ń ṣe ọta ìbọn ọdẹ nígbà ayé wọn kúrú, kí wọ́n lè máa jókòó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sórí àga, wọ́n ń wọn ẹ̀tù sínú ìkarahun ọta!

"Màmá! Ta ló kọ́ yín?"

"Ta lo rò pé ó ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ọwọ́ bàbá yín ń gbọ̀n látìgbà tó ti ogun dé. Gbogbo àgbọ̀nrín tẹ́ ẹ jẹ dàgbà, ọta tèmi ló pa wọ́n."

Ẹnu mi ò tíì pa dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé ilé arúgbó yẹn ránṣẹ́ mọ́. Àtùpà tó mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n á gbé sórí tábìlì yẹn, ni kí ẹ rà fún wọn.

Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín.

Àbúrò yín,
Lorna