Ibi Tí Ọwọ́ Màmá Lọ Lára Ògiri

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ẹ̀yìn Páàkì,
                                        Boundary, Ajégúnlẹ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Ṣayọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ọdúnayọ̀ ńkọ́, ìyàwó rẹ tí mi ò rí ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ sí Ìlọrin? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Peculiar ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan oorun? Dorothy ìyàwó mi kí yín títí. Màmá náà ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ṣì wà láyé, bí ojú àwọn kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Fóònù ló kó mi sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú sì ń tì mí láti fi ohùn mi sọ ọ́. Mo ti ṣẹ́ Efe lọ́wọ́. Efe oníná, tí ìwọ fúnra rẹ mú wá fún mi, tí ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí o wà níbí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni.

O rántí bí iná ṣe gbé Màmá nínú ilé tí a háyà yìí lọ́dún tó kọjá. Wọ́n kàn fọwọ́ ti ògiri balùwẹ̀ ni. Ògiri tutù, wáyà kan sì ti bó nínú rẹ̀. Iná gbá wọn lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n là ní kùmọ̀. Ọjọ́ náà ni mo búra pé nínú ilé tí mò ń kọ́ lẹ́yìn Malu Road, kò sí ògiri tí yóò tún na ìyá mi.

Efe gbọ́ ìtàn yìí, ó sì fi sọ́kàn ju èmi gan-an lọ. Kó tó ra páìpù kankan tí wáyà yóò gbà kọjá nínú ògiri, ó kó gbogbo wa lọ sí ilé náà, ó ní kí kálukú dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kó dijú, kó sì na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ tan iná. Ibi tí ọwọ́ bá lọ, ibẹ̀ ló ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí pé súìṣì yóò wà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní, "Ọ̀gá, na hand dey find switch, no be eye," pé ọwọ́ ló ń wá súìṣì, kì í ṣe ojú. Nígbà tó kan Màmá, ọwọ́ wọn kò lọ sókè bíi tiwa, apá òsì nísàlẹ̀ ló rọra lọ, ó sì dúró kó tó kan ògiri. Efe dì í mú, ó ní, "Màmá, ẹ má bẹ̀rù. Iná ò ní fọwọ́ kàn yín mọ́." Ó fa ìlà káàkiri ilé: ẹ̀rọ omi ní wáyà tirẹ̀, fíríìjì ní tirẹ̀. Ó tún wá ibi tí ilẹ̀ ti tutù lẹ́yìnkùlé, níbi tí yóò ri irin mọ́lẹ̀, kí iná tó bá ṣáko lè wọlẹ̀ lọ dípò kó wọ ara èèyàn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí birikilà má rẹ́ ògiri kankan títí òun yóò fi ri páìpù sínú rẹ̀. Mo ní mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà ní Wharf Road, èmi àti awakọ̀ tírélà kan ti di ara wa lọ́rùn aṣọ mú nítorí kọ̀ǹténà tó gbé lọ síbi tí mi ò rán an. Ibẹ̀ ni Usamah, birikilà mi, ti pè pé sìmẹ́ǹtì ti dé, ṣé kí òun máa rẹ́ inú ilé. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mi ò kàn ronú ni. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó máa rẹ́ ẹ lọ, kó yé yọ mí lẹ́nu, mo sì padà sídìí ìjà mi. Ẹyin lohùn, Ṣayọ̀.

Nígbà tí Efe kó páìpù dé lọ́jọ́bọ̀, gbogbo ògiri ti dán. Kò sí ìlà kan mọ́. Dorothy wà níbẹ̀. Ó ní Efe kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òòlù ló mú, ó wọ yàrá Màmá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri tuntun. Usamah rí iṣẹ́ ọjọ́ méjì tó ń já lulẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì, ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn. Ni wọ́n bá wọ̀yá ìjà. Usamah bu Efe jẹ létí, Efe fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Dorothy figbe ta, ó pè mí.

Nígbà tí mo dé, ohun tí mo rí ni Usamah nílẹ̀, ẹnu kún fún ẹ̀jẹ̀, Efe dúró lé e lórí tòun ti òòlù, ihò sì wà lára ògiri ilé mi. Mi ò béèrè. O mọ̀ mí, ọwọ́ mi a máa ṣáájú ẹnu mi. Eyín iwájú rẹ tí mo yọ ní pírámárì ṣì ń jẹ́rìí. Mo gbé pákó kan, mo fi là á lọ́rùn ọwọ́. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Òòlù bọ́. Mo tún nà án, mo gbá a létí, mo fẹsẹ̀ tì í jáde, mò ń pariwo pé ó fẹ́ wó ilé lé ìyá mi lórí. Kò nà mí padà. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti wọ́ ló ń wò.

Usamah tu ẹ̀jẹ̀ jáde láti ilẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa rẹ́ ẹ lọ. Mo ń sọ fún un, kò gbọ́."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A gbé Efe lọ sí ọsibítù, dókítà sì ní yóò tó oṣù mẹ́ta kí ọwọ́ náà tó lè di nǹkan mú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ mi, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Màmá ní kí n mú àwọn lọ wo ilé. Mi ò tíì sọ ohunkóhun fún wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n na ọwọ́ sí apá òsì, nísàlẹ̀. Ọwọ́ wọn wọ inú ihò náà lọ ràì. Ṣayọ̀, sìmẹ́ǹtì ti bo ṣọ́ọ̀kì, kò sí àmì tí Efe lè tẹ̀ lé, síbẹ̀ ibi tí ọwọ́ ìyá mi lọ gan-an ló fọ́. Wọ́n béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Mo kúnlẹ̀, mo rò fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ògiri tó nà mí kò lójú, Níyìọlá. Ìwọ lójú." Wọ́n ní àwọn kò ní sùn nínú ilé náà títí Efe fi máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ibẹ̀.

Jọ̀wọ́, wá ní Sátidé. Kì í ṣe kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún mi yóò ṣí fún ọ, kí n lè wọlé tẹ̀ lé ọ, kí n dọ̀bálẹ̀. Bó bá fẹ́ fi ọwọ́ òsì gbá mi létí, má dì í mú. Mo ti kìlọ̀ fún Usamah pé kó má fọwọ́ kan ihò náà.

Bá mi kí Ọdúnayọ̀, kó má tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn. Fẹnu ko Peculiar lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí o ti dárí jì lẹ́ẹ̀kan rí,

Níyìọlá.