Iná Àtẹ́lẹsẹ̀ Kò Gbé Fìríìjì

                                        Ilé Ìgbẹ̀bí,
                                        Iwájú Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi wọ́n sílẹ̀? Ó dáa. Mo ti kí ọ tó.

Gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà nínú fìríìjì wa ló ti bàjẹ́. Ọmọ ọwọ́ méjìlélọ́gọ́ta la dá padà sílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láìgba nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ti ní kí agbẹ̀bí wa lọ jókòó sílé. O mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó bá ọ fa wáyà mọ̀; ó ní òun sọ fún ọ, o ní aláròyé ni òun. Èmi alákòóso ibí náà mọ̀, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni agbẹ̀bí kọ̀wé sí mi pé bátìrì tó ń gbé fìríìjì kì í kún, mo kọ etí ikún.

Ìwọ lo sọ pé táìsì oníná tí o tẹ́ sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, iná ni. Pé irin tí o rì mọ́ ojú títì níwájú géètì, tí ọkọ̀ bá ti gùn ún, iná ni. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ lo yàn láti wọn iná náà, tí èrò kún bámúbámú, tí àwọn ọmọdé ń fò sókè lórí táìsì. Ohun tí o rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn lo fi ṣírò gbogbo ọdún. Èmi tí mo kàwé okòwò, n kò bi ọ́ pé ọjọ́ tí èrò ò bá wá ńkọ́. Mo ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ kíá, torí n kì í fẹ́ kí nǹkan falẹ̀.

Iná ìṣísẹ̀ kan nínú gílóòbù kékeré, kí ènìyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kú. Àwọn awakọ̀ ní epo àwọn ni irin yẹn ń mu, wọ́n bá ń gba ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Nígbà tí agbẹ̀bí rí i pé fìríìjì ń gbóná, ó bẹ àwọn ìyá kí wọ́n máa lọ kí wọ́n máa bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tọmọ tọmọ lẹ́yìn. Ìyá àgbà kan bi í pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé abẹ́rẹ́ la wá gbà ni, àbí àwa gan-an ni jẹnẹrétọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rìn. Tí gbogbo wọn bá lọ, òun nìkan á tún máa rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú. Ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́ta wá dé. A ti géètì. Kò sí ẹsẹ̀, kò sí iná.

Ìgbìmọ̀ ní agbẹ̀bí ni kò mójú tó fìríìjì. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èwo ni ti obìnrin yẹn níbẹ̀? Ọdún mọ́kànlá ló fi gbẹ̀bí níbí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á lé e.

O ránṣẹ́ lánàá pé kí n ní sùúrù, pé o fẹ́ fi ogójì táìsì kún un. Má fi ẹyọ kan kún un.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti màmá rẹ̀. Má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Bàbá wa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kìlọ̀ fún ọ, o sì dákẹ́. Kó dé ọ̀dọ̀ mi kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú tó lù. Tèmi ti wà nílẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i. Bí tìrẹ ò bá dé, tèmi nìkan ni màá kà fún ìgbìmọ̀, orúkọ rẹ sì wà nínú rẹ̀.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ni mí,
                                        Sìsí Kíákíá.