Gbogbo Wọn Ní Àlàáfíà Làwọn Wà

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Hasanat yín ló ń kí yín láti abúlé tó wà lẹ́yìn Ìrókò. Ara mi le koko.

Ibùdó tuntun tí àwa dókítà ti ń kọ́ṣẹ́ yìí dára gan-an. Abúlé ni wọ́n kọ́ ọ sí, torí kò sí dókítà níbí. Àwa mẹ́fà ni wọ́n mú. Àwọn márùn-ún ti wábi gbà lọ sí ìgboro Ìbàdàn, èmi nìkan ni mo wá ni gbogbo ilé. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa máa ń wá lóṣooṣù, bí òjò ò bá ba ọ̀nà jẹ́. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí.

Àwọn ará ibí mọ èèyàn kí ju ará Ẹ̀pẹ́ wa lọ. Lánàá, àgbẹ̀ kan, Bàbá Ṣítù, wọlé. Mo ní, "Ṣé ara le, Bàbá?" Wọ́n ní, "Àlàáfíà ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun." Wọ́n béèrè yín, wọ́n ṣàdúrà ọkọ rere fún mi. Ìgbà tí wọ́n di ilẹ̀kùn mú láti máa lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Dókítà, ejò tó bù mí ṣán láàárọ̀ ńkọ́?"

Ara wọn ti ń yá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ará ibí ṣe ń ṣe nìyẹn, ni mo bá gbé tábìlì mi lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Khàlíl àbúrò mi. Mo ń jẹun, mo ń sùn, àlàáfíà ni mo wà.

Ọlọ́kadà tó máa mú lẹ́tà yìí lọ ti ń fọn fèrè. Màámi, ṣé ẹ lè wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi?