Ẹ̀mí Gíríìkì Tí Mo Lé Lára Tómi

Sunday, oṣù January

Mo dójú ti ọmọ ọlọ́mọ lónìí, ó sì dùn mọ́ mi bí mo ṣe ń ṣe é.

Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Sunday school pé ọkàn èèyàn kì í kú. Tómi, tó wá kàwé nílùú òyìnbó níbí láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, nawọ́. "Auntie, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ Gíríìkì ni àwọn baba ìjọ àtijọ́ ti mú ìyẹn? Àjíǹde ni Bíbélì tẹnu mọ́."

Gbogbo wọn wá ń wò mí. Mo ní, "Jákẹ́ẹ̀tì òtútù tó wà lọ́rùn ẹ yẹn, ṣé àwọn Gíríìkì ló fún ẹ ni, àbí ìjọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò tó mi. Mo ní kó kúnlẹ̀, ká nawọ́ sí i, ká lé ẹ̀mí Gíríìkì jáde lára ẹ̀. Ó ń sunkún, mo ní ẹ̀mí náà ló ń jáde yẹn.

Nígbà tó dìde, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ká a sórí àga mi, ó sì jáde sínú yìnyín.

Ìwé tí mo kọ gba oyè ní seminary ló wà níwájú mi yìí. Ohun tí Tómi sọ gan-an ni mo kọ síbẹ̀.